Pàṣán Nìkan Kọ́ Ló Ń Kọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo ilé Ransome-Kuti l'Ábẹ́òkúta. Bàbá, ọ̀gá ilé-ìwé Gírámà láti 1932, le koko bí ojú ẹja. Ìyá, Fúnmiláyọ̀, ò gba ìgbàkugbà. Fẹlá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn jẹ pàṣán yó. Ṣùgbọ́n ní 1947, wọ́n tún rí ìyá wọn tó kó àwọn obìnrin jọ tako owó orí. Nígbà tí wọ́n dàgbà, Fẹlá àti Beko ò bẹ̀rù ìjọba ológun.

Èmi náà jẹ pàṣán. Bàbá mi nà mí torí irọ́, ó sì tún ní kí n sọ fẹ́ni tó jẹ lówó pé òun ò sí nílé. Irọ́ ni mo kọ́. Lánàá, mo fẹ́ rán ọmọ mi nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bá dìde, mo lọ ṣílẹ̀kùn fúnra mi.