Dígí Tí Ó Ń Rántí

Ẹni tí jẹjẹrẹ awọ ara mú rí, tí dókítà sì gé e kúrò, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Èyí tí a ń pè ní melanoma lè padà sójú àpá, òmíràn sì lè yọ níbòmíràn lára. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ níyànjú pé kí ó máa yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò déédéé, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe rí ẹ̀yìn ara rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó bí àwọn ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ ìtàn wọn.

Àìsàn náà ti pẹ́ láyé. Ní 1804, ní ìlú Paris, ni René Laennec, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ ìró àyà, ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1820, William Norris, dókítà ní Stourbridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa ọkùnrin kan tí àìsàn náà mú, ó sì ṣàkíyèsí pé irú rẹ̀ kan náà ni ó pa bàbá ọkùnrin náà. Láyé ìgbà náà, dókítà ni ó ń wo ara. Aláìsàn kò ní ju kí ó bọ́ aṣọ lọ.

Ọdún 1985 ni Friedman, Rigel àti Kopf, dókítà mẹ́ta ní Yunifásítì New York, fún aráàlú ní ohun tí wọ́n lè há sórí: A, B, C, D. Bí ìdajì àmì dúdú kan kò bá jọ ìdajì kejì, bí etí rẹ̀ bá rí wúruwùru, bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá dọ́gba, bí ó bá fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, kí ènìyàn tètè lọ rí dókítà. (Àwa tí a ń kọ́ ọmọdé ní ábídí mọ̀ pé kò sí C nínú tiwa; ẹni tí yóò túmọ̀ ìlànà yìí ní iṣẹ́ lọ́wọ́.) Ó di 2004 kí wọ́n tó fi E kún un, èyí tí í ṣe ìyípadà. Lójú tèmi, lẹ́tà ìkẹyìn yìí ni ó wúwo jù. Ojú ni mẹ́rin àkọ́kọ́ ń béèrè; ìrántí ni ìkarùn-ún ń béèrè. Ta ni ó lè rántí bí àmì kan ṣe fẹ̀ tó lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn? Dígí kì í sọ ohun tí ó rí lánàá.

Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ sá bá. Ẹlòmíràn tún wà tí ó lè rántí, ìyẹn ẹni tí a jọ ń gbélé. Ní 2016, June Robinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 494, tí olúkúlùkù wọn ní alábàárìn tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ pọ̀ bí a ti ń yẹ awọ ara wò ń yẹ̀ ẹ́ wò ju àwọn tí a kò kọ́ lọ.

Nígbà tí fóònù alámẹ́rà dé, ọ̀nà pín sí méjì. Ẹ̀rọ kan ń ṣe adájọ́: ya àwòrán, yóò sọ fún ọ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe é. Ìwádìí ọdún 2013 kan dán mẹ́rin nínú wọn wò. Mẹ́ta sọ pé kò séwu nínú melanoma tí iye wọn tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí iye melanoma tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kéré jù lọ kàn ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí dókítà alára ni. Ní 2015, Federal Trade Commission ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ń ta MelApp àti Mole Detective pé wọn kò ní ẹ̀rí fún ohun tí wọ́n ń polówó.

Ẹ̀rọ kejì kì í dájọ́, ó ń rántí ni. Irú rẹ̀ ni Mole Mapper, tí ó jáde láti Oregon ní 2015 kan náà: ènìyàn yóò ya àmì ara rẹ̀ pẹ̀lú owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀rọ lè fi owó náà wọn bí ó ti fẹ̀ tó. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ASICA, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Aberdeen ní Scotland gbé kalẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ń gbé jìnnà sí ilé ìwòsàn. Àwọn 240 tí a ti tọ́jú melanoma lára wọn, ní agbègbè Aberdeen àti Cambridge, ni ó kópa nínú ìdánwò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ a máa rán wọn létí lóṣooṣù, wọn a ya ohun tí ó bá kọ wọ́n lóminú, àwòrán a sì lọ bá nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ nípa awọ ara. A lè rò pé irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ yóò dá àníyàn sí wọn lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lé sí i ni ìgboyà wọn láti wo ara wọn.

Ṣùgbọ́n awọ ta ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ̀? Ní 1977 ni a rí melanoma lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bob Marley. Ó kú ní Miami ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, 1981, ní ẹni ọdún 36. Lára aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni melanoma sábà máa ń yọ sí. Ní 2017, àwọn onímọ̀ Stanford fi àwòrán 129,450 kọ́ kọ̀ǹpútà títí ó fi bá àwọn oníṣègùn awọ ara 21 dọ́gba. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Adewole Adamson, dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà tí ó ń jẹ́ orúkọ wa, kọ ìkìlọ̀ pẹ̀lú Avery Smith: bí awọ funfun bá gba ọ̀pọ̀ jù nínú àwòrán tí a fi kọ́ ẹ̀rọ, kò ní mọ tiwa dáadáa.

Nílé níbí, àwọn àfín, tí àwọn baba wa ń pè ní ẹni òrìṣà, ni oòrùn ń fi jẹjẹrẹ awọ pa lára jù. Láti 1975 ni A. N. Okoro ti gbé ìwádìí jáde lórí ipò àwọn àfín ní Nàìjíríà. Jẹjẹrẹ tiwọn kì í sábà jẹ́ melanoma; egbò tí kò jinná ni, ní etí, ní ọrùn tàbí ní ojú. Ẹ̀rọ tí ń wá àmì dúdú yóò kọjá lára rẹ̀. Ojú àfín pàápàá kì í ríran jìnnà, kì í sì í fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ líle; lẹ́tà wínníwínní ojú fóònù kò bá a mu. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún wọn, kí ó jẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ létí wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ó máa bi wọ́n léèrè nípa egbò, kí ó sì sọ fún wọn kí wọ́n pe ẹnì kan nínú ilé wá wo ẹ̀yìn etí wọn.