*ÀWỌN TÍ KÒ LÒ Ó ŃKỌ́?*

Èmi nọ́ọ̀sì yín náà ni.

Ìyá kan bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní àgbo kan wo ẹnì kan sàn. Ṣé kí n lò ó?" Mo ní, "Màmá, àwọn tí kò lò ó ńkọ́? Ṣé ara tiwọn kò yá?" Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé.

Ní ọdún 1747, àrùn kan ń pa àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èrìgì wọn á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, agbára á tán lára wọn. Oògùn tó yàtọ̀ ni kálukú ń júwe. James Lind, dókítà inú ọkọ̀ Salisbury, mú aláìsàn 12 tí àìsàn wọn jọra. Ibì kan náà ni wọ́n ń sùn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ó wá pín wọn ní méjì-méjì. Àwọn kan ń mu omi òkun, àwọn kan fínígà, àwọn méjì sì ń jẹ ọsàn méjì àti lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́sàn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Èkejì ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú àwọn yòókù! Ká ní gbogbo wọn ló jẹ ọsàn, ta ni ì bá mọ̀ pé ọsàn ló ṣe é?

Síbẹ̀, Lind fúnra rẹ̀ ló yan ẹni tí yóò gba èyí tàbí ìyẹn. Lóde òní, bí ẹni ṣẹ́ kèké ni, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nínú ìwádìí WOMAN, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Ìyá 20,060 tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára wọn lẹ́yìn ìbímọ ló kópa ní orílẹ̀-èdè 21, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló gba ìtọ́jú tí wọ́n máa ń fún irú wọn. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ tranexamic acid kún un fún àwọn kan, wọ́n fún àwọn yòókù ní omi iyọ̀ lásán. Ìyá kò mọ èyí tí òun gbà, dókítà náà kò mọ̀. Láàárín àwọn tó gba oògùn náà kí wákàtí 3 tó pé lẹ́yìn ìbímọ, iye àwọn tí ẹ̀jẹ̀ pa fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Lẹ́yìn wákàtí 3, kò ṣe irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ ò rí i pé aago ń lọ! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ìyá ọlọ́mọ, ẹ má ṣe dúró wò ó. Ilé ìwòsàn ni kíákíá.

A ò kórìíra àgbo o. Ọsàn Lind náà, ọjà la ti ń rà á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi oògùn ìyanu ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bi wọ́n: *àwọn tí kò lò ó ńkọ́?*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ire o.