Ẹni Tó Gbẹ́ Ìlẹ̀kùn Ògògà

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìkómọ ni: bí ilé bá ṣe rí ni orúkọ ọmọ ṣe ń rí. Iṣẹ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ló sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù mùsíọ́mù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò yíyà lọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ni wọ́n lára.

Ẹ wo ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Olówè ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ British Museum lójú, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, sì gba ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní pàṣípààrọ̀. Ọdún gorí ọdún kí àwọn ọ̀mọ̀wé òkèèrè tó mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìsẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbàgbé: lọ́dún 1988, ìyàwó Olówè kan ṣì ń ki oríkì rẹ̀.

Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni Pattypan máa ń tú síta. Irinṣẹ́ tó ń kó ọ̀pọ̀ àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà sórí Wikimedia Commons, ibi ìkójọ àwòrán ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni, fáìlì Excel ló sì ń lò: àwòrán kan, ìlà kan. Ta ló ṣe é? Igi ni àbí idẹ? Ọdún wo? Ta ló yọ̀ǹda rẹ̀? Kí àwòrán tó gbéra rárá, òṣìṣẹ́ ti jókòó ti àwọn ìbéèrè yìí fún ọjọ́ púpọ̀.

Irinṣẹ́ mìíràn, OpenRefine, ló ń bá a wádìí. Á gbé orúkọ inú fáìlì lọ bá Wikidata, ibi tí wọ́n kó ìsọfúnni nípa èèyàn, ìlú àti nǹkan jọ sí, á béèrè bóyá “Olowe” àti “Olowe of Ise” jẹ́ ẹnì kan náà. Àbá lásán ló ń dá o. “Ise” tí kò lámì lórí lè gbé e dé ìlú Ise ní Japan. Ọmọ èèyàn ló máa fà á padà wá sí Èkìtì.

Ìyọ̀ǹda wá ńkọ́? Ohun tó hàn yàtọ̀ sí ohun tó ṣí. Ẹnikẹ́ni lè wo ẹrù British Museum lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda tí wọ́n fún fọ́tò wọn kò gba kéèyàn fi wọ́n ṣòwò, Commons kì í sì í gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Metropolitan Museum ní New York gba ọ̀nà mìíràn ní Fẹ́búárì 2017: fọ́tò tó lé ní 375,000, ti àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò sí lórí wọn mọ́, di ti gbogbo ayé. Ẹni tó ń tẹ aṣọ ní Muṣin lè tẹ̀ ẹ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì kó sì tà á, kò ní tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Òwe wa dà? Ilé tí ère ti jáde ló ń fún un lórúkọ, àwọn ọmọ ilé ló sì mọ̀ ọ́n pè. Wikidata ní àyè fún orúkọ ní Yorùbá, tàmì tòhùn, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìsẹ̀ yàtọ̀ sí Ise, ẹ lọ kọ ọ́ síbẹ̀.