A Jẹ Ẹ̀kọ, A Dárí Ji Ewé: Ìtàn Pàǹtí ní Kòsọ́fẹ́

Ní ọjọ́ kan tí mo ná ọjà Mile 12, mo ra tòmátì, rodo, tàtàṣé, àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́ àti èso díẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ka ọ̀rá tí àwọn ọlọ́jà fi di wọ́n fún mi. Mọ́kànlá ni. N kò san kọ́bọ̀ lórí ìkankan nínú wọn; ọ̀fẹ́ ni wọ́n, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ṣùgbọ́n Kòsọ́fẹ́ ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ọjà náà wà, orúkọ náà sì ń dún létí mi bí ẹni tí ń wí pé "kò sí ọ̀fẹ́." Èyí ló mú kí n ro ìtàn ohun tí a fi ń di ẹrù ọjà, àti ti ibi tí a ń da nǹkan wọ̀nyí sí lẹ́yìn ìlò.

Kí ọ̀rá tó dé, ewé ni àwọn baba wa fi ń di nǹkan. Ewé eéran wà fún mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, gbòdógì náà wà; nígbà tí igi tíìkì sì ti òkè òkun wọ ilẹ̀ wa, àwọn ẹlẹ́kọ àti alápatà rí ewé ńlá mìíràn lò. Akèrègbè ni wọ́n ń rọ nǹkan olómi sí, ẹni tó bá sì ń lọ sọ́jà a gbé agbọ̀n tàbí igbá dání láti ilé. Bí wọ́n bá jẹun tán, ewé di ti ààtàn. Ewúrẹ́ a kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, adìyẹ a tan ìyókù, òjò a sì sọ èyí tó kù di ilẹ̀dú. Àwọn àgbà ní bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, a ó dárí ji ewé. Ó rọrùn láti dárí ji ewé, nítorí pé ewé kì í bá ẹnikẹ́ni dọ́tàá: jíjẹrà ni yóò jẹrà, tí ata yóò sì hù lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé ìlú mọ́ tónítóní nígbà náà. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ìbẹ̀rù rẹ̀ wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Àwọn wolé-wolé náà kò sinmi. Wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò omi láti wá tanwíjí, ẹni tí wọ́n bá bá a nílé rẹ̀ a sì rí pupa ojú wọn. Ìdọ̀tí wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ń jẹrà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ìlú ń gbòòrò síwájú. Mile 12, tí òkúta máìlì kejìlá ní ọ̀nà Ìkòròdú fún lórúkọ, di ọjà ńlá tí ọkọ̀ ẹrù ń ti Òkè Ọya wá sí lóru. Ní 1977, ọdún kan náà tí àjọ̀dún FESTAC wáyé, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa kó pàǹtí sílẹ̀. Òun ló padà di LAWMA ní 1991. Lábẹ́ ìjọba ológun Muhammadu Buhari, ìmọ́tótó àyíká di ọ̀ràn àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi tilẹ̀kùn mọ́rí ní òwúrọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tí a ń kó ẹrọ̀fọ̀ inú gọ́tà, kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó fagi lé sísé ènìyàn mọ́lé ní oṣù Kọkànlá 2016. Ní ẹ̀wádún 1990 yìí kan náà ni píọ̀ wọ́tà gbòde, tí ọ̀rá sì gba ọwọ́ gbogbo wa.

Ní 1992, Olúsosùn ní Ọjọ́ta di ibùdó ìdàlẹ̀sí. Ó fẹ̀ ju 40 hẹ́kítà lọ, ilé sì ti yí i ká báyìí. A ń pè é ní ààtàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ààtàn tí àwọn baba wa mọ̀. Èyí tó ń jẹrà àti èyí tí kò ní jẹrà ni a dà pọ̀ síbẹ̀. Oúnjẹ tó rà lábẹ́ òkìtì tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ a máa mú gáàsì jáde, ọ̀rá àti ike sì jẹ́ epo fún iná. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2018, iná sọ níbẹ̀. Kò kú lọ́jọ́ náà, èéfín rẹ̀ sì bo àdúgbò tó yí i ká. Àwa tí a rò pé a ti da nǹkan nù tún fà á símú.

Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde òfin tó lòdì sí abọ́ fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ ń bu ìrẹsì sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2025, òfin náà kan ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá wa gbé ilé ìdáná. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn baba wa kò ní láti ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ohun wọn ló ń jẹrà: iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Garawa kan fún èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́. Òmíràn fún ike àti ọ̀rá. Èèpo tí a bá yà sọ́tọ̀ lè di ilẹ̀dú lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í sì í ṣe gbogbo ike ni ọ̀tá: páálí ike tí a ń kó tòmátì sí léraléra sàn ju apẹ̀rẹ̀ tí ń tẹ tòmátì ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ́. Èyí tí a lò lẹ́ẹ̀kan tí a sọ nù ló ń bá wa jà.

Nígbà tí mo padà sí Mile 12, mo gbé àpò aṣọ dání. Mo ní kí ìyá aláta má fi ọ̀rá sí i. Ó rẹ́rìn-ín.

"Kọ́sítọ́mà mi, ẹ ṣeun o. Ẹ rò pé ọ̀fẹ́ ni? Èmi ni mo ń ra ọ̀rá yẹn. Owó rẹ̀ ti wà nínú owó ata."

Ó fi rodo mẹ́ta kún tèmi. Òun ni mo fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì ní ọ̀rá kankan láti kà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, a ti ń sanwó rẹ̀ lọ́jà, a ń sanwó rẹ̀ nínú gọ́tà, a sì san án nínú èéfín Olúsosùn. Kò sí ọ̀fẹ́. Ire o.