Ìdí Tí Àwo Fídíò Amẹ́ríkà Fi Ń Ṣòro Wò Nílé Wa

Bí ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tó wà ní Amẹ́ríkà bá fi àwo fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, tí wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ, tí àwòrán ń sáré lọ sókè tàbí tí ó di dúdú òun funfun, ẹ má ṣe rò pé àwo náà bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Iná mànàmáná Amẹ́ríkà ń yí padà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa ní ìgbà 50. Ìwọ̀n iná yìí ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń ṣe tẹlifíṣọ̀n. Ní 1953, Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gba ètò aláwọ̀ tí à ń pè ní NTSC, onílà 525. Ní 1967, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì bẹ̀rẹ̀ PAL, onílà 625, Faransé sì mú SECAM. WNTV Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ láti 1959, láìsí àwọ̀. Nígbà tí àwọ̀ dé ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1970, PAL ni a mú. Dàhómì, tí ó di Bẹ̀nẹ̀, mú SECAM. Ẹ ò rí i! Ará Kétu, Yorùbá bíi tiwa, bọ́ sábẹ́ ètò mìíràn nítorí ibodè àwọn òyìnbó.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ DVD fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, kí ẹ béèrè bóyá ó ń sọ NTSC di PAL. Òmíràn á kà á, á sì jù ú sí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe wà. Sinimá tí a rà lọ́jà tún máa ń ní nọ́ńbà agbègbè: 1 ni ti Amẹ́ríkà, 5 ni tiwa. Àwo ìgbéyàwó kì í sábà ní in.