Àwàdà níbi àmì ẹ̀yẹ ìwé: Ibo ló yẹ kí ẹ̀fẹ̀ atọ́kùn ètò mọ?

Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn atọ́kùn ètò níbi ayẹyẹ àmì ẹ̀yẹ àwọn òǹkọ̀wé: kí ó má jẹ̀ẹ́ kí oorun kun àlejò, kí ó sì rí i pé ẹni tó gba ẹ̀bùn ni gbogbo ojú ń wò. Bí èkíní bá pa èkejì lára, ẹ̀rín a di ẹjọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní New York ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, níbi National Book Awards ti Amẹ́ríkà. Daniel Handler, tó ń fi orúkọ Lemony Snicket kọ̀wé fún àwọn ọmọdé, ni atọ́kùn. Jacqueline Woodson, obìnrin aláwọ̀ dúdú, gba àmì ẹ̀yẹ ẹ̀ka ìwé àwọn ọ̀dọ́ fún Brown Girl Dreaming, ìwé tó fi ewì sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Ó dúpẹ́, àwọn èèyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì kúrò lórí ìtàgé. Ìgbà náà ni Handler sọ fún àwùjọ pé ara Woodson kò gba èso bàrà, ó sì fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Kí ló burú nínú ọ̀rọ̀ èso?

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bàrà olómi, pupa nínú, tí wọ́n ń gé tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀tọ̀ ni ti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú gba òmìnira lọ́dún 1865, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ń gbin èso yìí, wọ́n ń tà á láti fi gbọ́ bùkátà. Àwọn aláwọ̀ funfun tí òmìnira náà kò dùn mọ́ sọ ọ́ di ohun ìfiniṣẹ̀sín: wọ́n ń ya àwòrán aláwọ̀ dúdú bí ọ̀lẹ àti wọ̀bìà tó ń jẹ bàrà.

Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, èyí kò sì dín ẹ̀ṣẹ̀ náà kù. Ọ̀rọ̀ tí Woodson bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ni ó gbé síta, nígbà tí kò sí lórí ìtàgé mọ́ láti fèsì. Níbi ìgbéyàwó Yorùbá, alága ìjókòó lè fi ìdílé ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti wù ú, nítorí alága ìdúró wà níbẹ̀ tí yóò dá a lóhùn. Òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn kò ní irú agbẹnusọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ara rẹ̀ ni atọ́kùn tó mọṣẹ́ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, tàbí bí ètò náà ṣe gùn tó. Ó sì máa ń béèrè ṣáájú bí a ṣe ń pe orúkọ olúkúlùkù.

Ní ọjọ́ kejì, Handler tọrọ àforíjì lórí Twitter: ó ní iṣẹ́ òun ni láti tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn òǹkọ̀wé, òun sì kùnà. Lẹ́yìn náà ó gbà pé ẹ̀tanú ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú ọ̀rọ̀ òun, ó fún ẹgbẹ́ We Need Diverse Books ní 10,000 dọ́là, ó sì ṣèlérí láti fi iye tí àwọn mìíràn bá dá láàárín wákàtí 24 kún un, títí dé 100,000 dọ́là.

Kí oṣù náà tó parí, Woodson fèsì nínú ìwé ìròyìn New York Times. Kò bú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé ìtàn tó wà lẹ́yìn èso náà, àti ìdí tí òun fi ń kọ̀wé.