Ẹ̀kọ́ Ìṣèlú Ṣáájú Yunifásítì: Láti Inú Àpò Lẹ́tà dé Ojú Fóònù

Kíkọ́ ẹ̀kọ́ ìṣèlú nílé kí ọmọ tó wọ yunifásítì ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Inú àpò lẹ́tà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1840, ọdún tí owó lẹ́tà di pẹ́nì kan péré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì kọ́ àwọn èèyàn ní ṣọ́táǹdì. Ní 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò fẹsẹ̀ tẹ ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan rí. Ibi tí ìdánwò bá sì ti ṣí, olùkọ́ kì í ṣàì débẹ̀: Wolsey Hall bẹ̀rẹ̀ ní Oxford ní 1894, Rapid Results College sì tẹ̀lé e ní 1928.

Nàìjíríà kò ní yunifásítì títí di 1948, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń wá ìwé, tí kò sì ní owó ọkọ̀ òkun, lẹ́tà ló kù fún un. Páálí ẹ̀kọ́ á bá ọkọ̀ dé Èkó, á gba pósí ọ́fíìsì kọjá, á bá tíṣà ní abúlé tàbí akọ̀wé réluwéè ní Òṣogbo. Tí onítọ̀hún bá ti ibi iṣẹ́ dé, á tan àtùpà, á kàwé, á dáhùn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀, á lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ń lò lójú omi ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ní àbọ̀. Kí íǹkì pupa olùkọ́ tí kò rí rí tó padà dé, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ á ti máa gbàgbé ohun tó kọ. Irú ìdákọ́ bẹ́ẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè BCom ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kó tó wọkọ̀ lọ kọ́ òfin lọ́hùn-ún. Oyè òwò ni, kì í ṣe ti ìṣèlú. Síbẹ̀ ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1947, ọ̀nà tí Nàìjíríà máa gbà dé òmìnira ló dá lé.

Ohun tó wà nínú páálí yẹn ló yẹ kéèyàn dúró wò. British Constitution ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà nínú ìdánwò GCE ti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Ọ̀yọ́ á mọ bí àbá òfin ṣe ń ti House of Commons dé House of Lords, á mọ ohun tí ọba Gẹ̀ẹ́sì lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Wọn ò ní bi í léèrè ohun tí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ìlú rẹ̀, fi ń ká Aláàfin lọ́wọ́ kò, bẹ́ẹ̀ ojúde ilé wọn ni Baṣọ̀run, olórí ìgbìmọ̀ náà, ń gbà kọjá. Ìgbà tí ẹ̀kọ́ náà di Government lọ́wọ́ WAEC, àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ni Ọ̀yọ́ Mèsì àti Ògbóni tó wọ ìwé, pẹ̀lú àwọn òfin-ìpìlẹ̀ ayé amúnisìn láti ti Clifford ní 1922 dé ti Lyttelton ní 1954. Àtúnṣe ńlá ni.

Nílé, ìgbìmọ̀ Ashby lórí ẹ̀kọ́ gíga dábàá ní 1960 pé kí yunifásítì tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ní Èkó máa fi lẹ́tà kọ́ni. 1974 ni ẹ̀ka tó ń fi lẹ́tà kọ́ni níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. National Open University dé ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, 2002 ló tó jí.

Ọdún 2002 yẹn náà ni MIT ní Amẹ́ríkà gbé àádọ́ta ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Yale tẹ̀lé e ní December 2007 pẹ̀lú ẹ̀kọ́ méje, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti Steven Smith lórí ìmọ̀ ọgbọ́n orí ìṣèlú. Ní Nàìjíríà ìgbà náà, kafé íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Èèyàn á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á tẹ nọ́ńbà inú rẹ̀, ìṣẹ́jú á sì máa jò lọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà bí fídíò ṣe ń dúró, tó ń rìn, tó tún ń dúró. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ látinú fídíò ló ṣeé kà. MIT alára mọ̀ bẹ́ẹ̀: inú háádì dísìkì ló ń di ẹ̀kọ́ sí ránṣẹ́ sí àwọn yunifásítì kan ní Áfíríkà, àpò lẹ́tà tún padà dé nìyẹn! Wáyà abẹ́ òkun Glo-1 àti MainOne, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2009 àti 2010, ló jẹ́ kí ọ̀nà já geere. Coursera àti edX dé ní 2012. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti 14 February dé 14 October, fóònù ni ilẹ̀kùn yunifásítì tí kò tì.

Àwọn olùkọ́ orí fóònù yìí kì í fi íǹkì pupa kọ nǹkankan; ẹ̀rọ ló sábà máa ń máàkì. Àbùkù ti àtijọ́ sì tún yọjú: Áténì ni Smith ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Machiavelli, Hobbes àti Locke, ó parí sí Tocqueville. Ọ̀yọ́ Mèsì kò sí níbẹ̀.

Ní ti JAMB, àjọ ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì tó ti wà láti 1978, ìwé-ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí lára ohun tó ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣèlú gbọ́dọ̀ ṣe Government tàbí History.